Bí Àwọn Ìkarahun Ìsàlẹ̀ Òkun Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Yí Ìlẹ̀kẹ̀ Wọn

Nígbà láéláé, nígbà tí iyọ̀ kò tíì dé inú òkun tán, àwọn ẹ̀dá kan ń gbé lójú agbami. Wọ́n kéré débi pé bí ogún nínú wọn bá péjọ sórí èékánná ọmọ ọwọ́, àyè á ṣì ṣẹ́kù tí wọn á fi jó. Ìkarahun ni ilé wọn, nítorí náà Oníkarahun là ń pè wọ́n. Oníkálùkù ló ń kọ́ ilé tirẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, ó sì ń funfun bí ẹfun.

Inú ògiri ilé yìí ni wọ́n máa ń to ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní sí. Kì í ṣe fún àṣehàn o. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń di ògiri mú kó má baà wó. Òsì sì ni ojú gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ náà ń kọ sí. Kò sí èyí tó kọjú sí ọ̀tún, àní ẹyọ kan.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ìgbì òkun kì í sinmi. Ọwọ́ ọ̀tún ni Oníkarahun fi ń di omi mú kí ìgbì má gbé e lọ, òsì nìkan ló ń ṣẹ́kù fún iṣẹ́. Ohun tí òsì bá tò, òsì náà ló ń wò. Nígbà tó pẹ́, ó di èèwọ̀ ìdílé wọn pé ìlẹ̀kẹ̀ tí a bá ti tò, a kì í yí i padà.

Ọmọbìnrin kan wà láàrin wọn tó ń jẹ́ Ṣínkínní. Ẹja kan ti gbé ìyá tó bí i mì nígbà tó ṣì kéré. Ẹja ọ̀hún kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun jẹ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ dàgbà, kò sì pe orúkọ rẹ̀ rí àfi bí inú bá bí i. Àwẹ̀ró ló máa ń pè é, oríkì rẹ̀, orí ọmọ náà á sì wú.

Lọ́jọ́ tí Ṣínkínní kọ́kọ́ fẹ́ to ìlẹ̀kẹ̀, ilé tirẹ̀ kò tíì ní ògiri tó lè gbà á. Ìyá àgbà ní kó wá tò ó sí ẹnu ọ̀nà ilé òun. Ọmọ náà tò ó títí, ó yọ ahọ́n síta, ó fún ojú pọ̀, síbẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ náà wọ́. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń tòògbé. Ojú tì í, ó fẹ́ yọ ọ́ kúrò.

"Fi í sílẹ̀, Àwẹ̀ró," ni ìyá àgbà wí. "Bí mo bá ń wọlé, bí mo bá ń jáde, màá máa rí ọwọ́ rẹ níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ wíwọ́ náà ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò fi ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Ṣùgbọ́n ilé ayé kì í ṣe ilé àgbéèkúrò. Bí Oníkarahun bá gbó tán, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á rẹ̀, á jọ̀wọ́ omi, ìkarahun rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra já bọ́ bí eruku ọyẹ́, lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé. Nígbà tó kan ìyá àgbà, ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó ní kó má sunkún jù, pé ilé Ìyá Ẹrẹ̀ tí gbogbo ìdílé ń lọ náà ni òun ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní níbẹ̀, ìkíni ló ń mú oorun dùn," ó ní. "Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá dé, èmi ni kí o kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí. Ohùn rẹ ni n ó máa retí."

Ṣínkínní ṣèlérí. Ọwọ́ ìyá àgbà jọ̀wọ́ omi, ó sì ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ náà kò fi rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sáré dé ìsàlẹ̀ òkun ná, kí ẹ lè mọ irú ilé tó jẹ́. Arúgbó ni Ìyá Ẹrẹ̀. Ó tóbi, ó tutù, kì í sì í dìde lórí ìjókòó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa tẹ́ ẹní fún àwọn tó bá ń ti òkè bọ̀. Bí ẹní kan bá kún, á tẹ́ òmíràn lé e lórí. Ẹni tó ti dé tipẹ́ wà nísàlẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà lókè, èyí ni wọ́n fi ń mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Ẹni tó bá dé máa ń ní ohùn lẹ́nu títí òtútù á fi wọ gbogbo yàrá ilé rẹ̀. Bí òtútù bá ti dé yàrá ìkẹyìn, ó di oorun, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó sùn ń gbọ́. Wọ́n ń gbọ́ dáadáa.

Ekòló òkun ló máa ń kí wọn. Láràárọ̀ ló ń kí wọn. Òótọ́ ni pé kò sí àárọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí Ekòló bá ti jí, ó gbà pé ilẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ni Ekòló. Á gbẹ́lẹ̀ lọ bá ẹní ìsàlẹ̀ pátápátá, á dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá máa bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí a bá kí, oorun rẹ̀ á dùn.

Àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé Ekòló pọ̀ jù, ara rẹ̀ sì gùn jù. Kì í gba ẹ̀gbẹ́ ẹní kọjá, àárín rẹ̀ ló ń là kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè tán kó tó rántí pé òun ti fo àgbà kan nísàlẹ̀. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó sáré padà lọ tọrọ àforíjì. Níbi tó ti ń tọrọ àforíjì, kò dá a lójú mọ́ bóyá òun ti kí àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó sáré gòkè, ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, títí ẹní fi fà ya mọ́ ẹní, tí gbogbo rẹ̀ sì wó lu ara wọn. Àgbà bọ́ sókè, ọmọdé bọ́ sísàlẹ̀, wọ́n dà pọ̀ bí ìgbà tí a da ìrẹsì mọ́ ẹ̀wà.

Ekòló la ẹnu láti kí wọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò mọ ẹni tí òun ó kọ́kọ́ kí. Kí òun kí àbúrò ṣáájú ẹ̀gbọ́n? Ó sàn kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó pa ẹnu dé.

Bí ìkíni ṣe tán nísàlẹ̀ òkun nìyẹn. Ibẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn tó sùn kò sì gbádùn oorun wọn mọ́.

Àárín ìdàrúdàpọ̀ yìí ni Ṣínkínní bá wọn. Òun náà ti gbó, ó ti kọ́ yàrá tirẹ̀ tán, ọwọ́ rẹ̀ ti jọ̀wọ́ omi. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń sọ ọ́ lẹ́nu bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, pé ìyá òun àgbà ni òun ó kọ́kọ́ kí.

Àṣà ni pé ẹni tó bá dé á fún Ìyá Ẹrẹ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ kan, kó tó lọ sórí ẹní. Ṣínkínní yọ ọ̀kan, ó kúnlẹ̀, ó sì nà án sí i. Ìyá Ẹrẹ̀ wo ìlẹ̀kẹ̀ náà, kò gbà á. Ó gbé ojú sí ibòmíràn. Ṣínkínní rò pé bóyá arúgbó náà kò ríran dáadáa. Ó rọra gbé ìlẹ̀kẹ̀ náà sí i lẹ́sẹ̀, ó sì béèrè ẹní tí ìyá òun àgbà wà lórí rẹ̀.

"Wá a fúnra rẹ," ni Ìyá Ẹrẹ̀ dáhùn.

Ṣínkínní wá a. Ó yẹ ilé kan wò, ó yẹ ìkejì wò, ó yẹ ọgọ́rùn-ún wò. Gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn ní yàrá bákan náà, nítorí ìdílé kan ni wọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ wíwọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan ló lè fi mọ̀ ọ́n, ilé tó wà níbẹ̀ sì pọ̀ ju iyanrìn lọ. Òtútù ti gba yàrá rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó gba ìkejì. Yàrá méje péré ni ó ní, ó sì mọ̀ pé bí òtútù bá dé ìkeje, ohùn òun ti lọ nìyẹn, ìyá àgbà á sì máa retí lásán títí ayé. Ó jókòó, ó sunkún.

Ekòló gbọ́ ẹkún, ó yọ orí jáde. Ó jẹ́wọ́ ohun tí òun ṣe, ojú ń tì í. Ṣínkínní béèrè pé kí ló dé tí Ìyá Ẹrẹ̀ kò bá wọn tún ẹní tò. Ekòló wo ẹ̀yìn wò kó tó dáhùn.

"Ọwọ́ tí ẹ̀yin ará ilé yín fi ń fún un ní nǹkan ni," ó ní. "Kò sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń dùn ún."

Ṣínkínní wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òsì ni. Òsì ló fi na ìlẹ̀kẹ̀ sí àgbà! Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwà àfojúdi, òsì ni gbogbo wọn fi ń ṣe ohun gbogbo láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó padà lọ bá arúgbó náà. Òtútù ti dé yàrá kẹrin.

Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Ìyá má bínú, pé ìgbì ló fà á, pé ọ̀tún àwọn kì í ráyè.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni Ìyá Ẹrẹ̀ wí. "Ilé mi wá ni gbogbo yín ń fi òsì wọ̀. Mo ń tẹ́ ẹní fún un yín, mo ń gbé e mì. Mo ní bóyá èyí tó ń bọ̀ á mọ̀. Ìgbì wo ló wà níbí, ọmọ mi?"

Ṣínkínní wo àyíká. Lóòótọ́, kò sí ìgbì. Omi dúró jẹ́ẹ́. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ṣófo, kò di nǹkan kan mú. Ó ti ṣófo láti ọjọ́ tó ti kúrò lókè, kò kàn rántí ni. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ arúgbó náà, ó fi ọ̀tún gbé e sókè. Bí ọ̀tún ṣe gbé e ni ojú ìlẹ̀kẹ̀ náà yí sí ọ̀tún.

Ẹ̀rù bà á. Èèwọ̀ ìdílé nìyẹn. Ó rántí ìyá àgbà, ó rántí gbogbo ìkìlọ̀. Lẹ́yìn náà ó rò ó pé àwọn tó ń di omi mú ni èèwọ̀ náà wà fún. Ẹni tó ti dé ilé, kí ló tún ń dì mú? Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì sọ ohun tó wá sí i lọ́kàn.

"Ìyá, àwọn tó sùn kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lọ́wọ́," ó ní. "Ẹni tó ń sùn mọ bí oorun òun ti pẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí oníkálùkù fi ọ̀tún yí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, kí iye tó bá yí jẹ́ bí ó ṣe pẹ́ tó nílé yín. Ẹ ó fi gba ìtúúbá wa, Ekòló á sì fi mọ àgbà."

Ìyá Ẹrẹ̀ na ọwọ́, ó gba ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹ̀rín tí a kò gbọ́ nísàlẹ̀ òkun láti ọjọ́ pípẹ́, ó rín in.

"Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun," ó ní. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kánjú. Ilé mi tutù, òtútù ibẹ̀ kì í yí padà, bí ọwọ́ á ṣe máa lọ náà nìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohùn kan dìde láti gbogbo ìsàlẹ̀ òkun, wọ́rọ́wọ́rọ́wọ́rọ́, ohùn ìlẹ̀kẹ̀ tó ń yí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yí ẹyọ kan, wọ́n dúró. Àwọn tó ti dé ṣáájú wọn yí mẹ́wàá, yí ogún. Àwọn àgbà àtijọ́ ń yí, wọ́n ń yí, títí wọ́n fi yí ìdajì. Wọ́n ń mú ìyókù bọ̀ kí Ìyá Ẹrẹ̀ tó dá wọn dúró.

"Ó tó," ó ní. "Òsì tó kọ́lé fún yín, ẹ má kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́. Láti ìdajì lọ, bí ẹ bá yí ọ̀kan sí ọ̀tún, kí ẹ dá ọ̀kan padà sí òsì."

Ekòló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń wo ìlẹ̀kẹ̀, ó ń to ẹní, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tí kò tíì kàn. Ṣùgbọ́n Ṣínkínní kò lè dúró wo ìyẹn. Òtútù ti gba yàrá kẹfà. Ohùn rẹ̀ ti tínrín.

Òun kò tíì ní ìlẹ̀kẹ̀ kankan tó yí nínú ilé rẹ̀. Ìyá àgbà tó ṣáájú rẹ̀ dé díẹ̀, ẹyọ kan péré ló yẹ kó yí. Ó bẹ Ekòló, Ekòló sì kó àwọn tó yí ẹyọ kan jọ sórí ẹní kan. Wọn kò ju ọgbọ̀n lọ. Ṣínkínní ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ọ̀tún tọ́ ọ wò. Ẹnu ọ̀nà kẹtàdínlógún ló bá a.

Ìlẹ̀kẹ̀ wíwọ́ náà ni, ó ṣì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tó ń tòògbé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kọ sí òsì mọ́. Nínú gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá àgbà ní, èyí ni ó kọ́kọ́ yí.

Ṣínkínní kúnlẹ̀. Omijé kò jẹ́ kó ríran, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà," ó ní. "Àwẹ̀ró ni. Mo ti dé."

Ìkarahun náà mì díẹ̀, bí ẹni tó ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí oorun kó lè sùn dáadáa. Ekòló tẹ́ ẹní tuntun sókè ibẹ̀ gan-an, Ṣínkínní dùbúlẹ̀ lé e. Òtútù dé yàrá keje, ó sì sùn.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Oníkarahun tó wà láàyè fi ń to ìlẹ̀kẹ̀ wọn sí òsì, tí àwọn tó ti sùn nísàlẹ̀ òkun sì fi ń yí i sí ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí oorun bá ṣe pẹ́ tó ni èyí tó yí á ṣe pọ̀ tó, títí ọ̀tún àti òsì á fi dọ́gba. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dọ́gba, kò sẹ́ni tó tún lè sọ bó ṣe dàgbà tó, a kàn ń kí i ni àgbà. Àwọn tó kú sí etí òkun tí oòrùn ń pa, ìkánjú ni wọ́n fi ń yí tiwọn, nítorí náà ẹ má gba ọjọ́ orí tí wọ́n bá pè fún un yín gbọ́.

Ekòló náà kò tíì jáwọ́. Títí dòní ló ń la àárín ẹní òkè kọjá níbi tó ti ń kí ènìyàn. Bí àwọn onímọ̀ bá wa ọkọ̀ dé ojú agbami, tí wọ́n ki páìpù gígùn bọ inú ẹrẹ̀, tí wọ́n fi omi ṣan ìkarahun kéékèèké tó bá a gòkè, wọ́n á ka ìlẹ̀kẹ̀ tó wo òsì àti èyí tó wo ọ̀tún, wọ́n á sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Nígbà mìíràn wọ́n máa ń rí méjì tó fara ti ara wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ á sì fi ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tó wo ọ̀tún ju èyí tó wà lókè lọ.